Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ láti ilé: ṣé ìrẹ̀lẹ̀ lèyí?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 àárọ̀

Ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú ìrántí ikú Olúwa wa o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti alẹ́ àná, mi ò sì mọ̀ bóyá mo kàn ń bínú lásán ni. Ẹ bá mi dá sí i.

Àná tí í ṣe Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, a lọ fún ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní dárúkọ ìjọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ètò ọjọ́ náà mọ̀ pé àlùfáà máa ń fọ ẹsẹ̀ èèyàn méjìlá, bí Jésù ṣe fọ ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Jòhánù orí 13. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn méjìlá tiwa mọ́ pátákó: bàbá ìjọ méjì, ìyá ìjọ méjì, alága ẹgbẹ́ mẹ́rin, akápò, àti àwọn mẹ́ta tówó wọn pọ̀ jù nínú owó òrùlé tuntun.

Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo jókòó sí. Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ ń dán! Alága kan ti lọ ha ẹsẹ̀ ẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó sọ fún wa fúnra ẹ̀. Ìpara tí ìyá ìjọ kan fi pa tiẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn ẹ̀ níbi tí mo wà. Àlùfáà wa da omi látinú jọ́ọ̀gì fàdákà, kò tó ṣíbí méjì lórí ẹsẹ̀ kan, ó fi táwẹ́lì funfun nù ún, ẹni tó ń ya fọ́tò ní kó dúró díẹ̀, ó dúró, wọ́n yà á, ó kàn sí ẹlòmíràn. Akápò ò tíì dé láti Èkó, torí náà àga kan ṣófo.

Wọ́n ti fẹ́ parí nígbà tí Bàbá Géètì dìde lẹ́yìn. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa ni mò ń wí. Ó bọ́ sílípáàsì sílẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń bọ̀ lọ́nà àárín. Gìgísẹ̀ méjèèjì là bí ilẹ̀ akúrò tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọ́ṣà méjì fi dì í lápá mú, jẹ́jẹ́ o, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yí i padà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá wọ sílípáàsì ẹ̀, ó jáde lọ sí géètì, torí àwọn ọlọ́kọ̀ máa tó jáde.

Ìwàásù alẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? "Ẹ máa sin ara yín ní ìrẹ̀lẹ̀." Mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀.

ỌmọBẹẹrẹ | Ọjọ́ Ẹtì, 10:41 àárọ̀

Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ ìdọ̀tí wá síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ ló wá di ẹlẹ́ṣẹ̀ 😂

Ìyá Ìbejì, ẹ ò bínú lásán rárá. Ṣekárími lorúkọ ẹ̀.

Sàámù Mọ́lété | Ọjọ́ Ẹtì, 11:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká rọra. Èmi náà ń ṣe ọ́ṣà níjọ tèmi, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá dìde láàárín ìsìn tó ń bọ̀ níwájú, ẹ ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dá, ẹ ò mọ ohun tó mú dání. Iṣẹ́ ọ́ṣà ni láti dá a dúró. Wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, àmì ni fífọ ẹsẹ̀ ọjọ́ yẹn. Bí a bá ń ṣe ìrìbọmi, ṣé torí pé ara ọmọ dọ̀tí ni? Omi ṣíbí méjì náà tó fún àmì.

Ẹ̀kẹta ló sì dùn mí jù. Ẹ kàn ń bú àwọn ìyá ìjọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ti ṣe? Ìyá ìjọ tiwa, láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń gbé aṣọ pẹpẹ lọ sílé ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á lọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ìyẹn. Tí wọ́n bá wá fi ìpara pa ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, kí ló kàn wá?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ẹtì, 12:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gba ti ẹ̀kẹta yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, èyí tí mo sọ̀rọ̀ ìpara ẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún opó kan ní Yemẹtu láti ìgbà tí ọkọ ìyẹn ti kú. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì.

Ṣùgbọ́n tìtorí àmì gan-an ni mo ṣe ń bínú. Bí àmì ni, kí ni Bàbá Géètì rí kà nínú ẹ̀ lálẹ́ àná?

Ọmọ Òkè-Pádì | Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Kátólíìkì ni mí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tiwa. Ọdún 2013 tí Francis di Póòpù, ọgbà ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ arúfin ní Róòmù ló ti ṣe Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjìlá tí wọ́n tì mọ́lé ló kúnlẹ̀ fún, ó fọ ẹsẹ̀ wọn, ó fẹnu kò ó. Obìnrin wà nínú wọn, Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ariwo ta lọ́tùn-ún lósì, torí ohun tó wà nínú ìwé ètò ni pé ọkùnrin ni kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn. Kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Nígbà tó di 2016, wọ́n tún ìwé ètò náà ṣe, àyè gba tọkùnrin tobìnrin.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà dé nínú Jòhánù 13. Júdásì ò tíì jáde nígbà tí Jésù ń fọ ẹsẹ̀. Ẹ kà á dé ẹsẹ 30. Ó fọ ti Júdásì náà, ó sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ yẹn ń lọ.

ỌmọBẹẹrẹ | Ọjọ́ Ẹtì, 1:22 ọ̀sán

Ti Júdásì yẹn dé, ó gbá mi létí. Èmi tí mi ò kí ará ilé mi látìgbà tí wọ́n ti jí gílóòbù iná mi.

Alábòójútó | Ọjọ́ Ẹtì, 1:40 ọ̀sán

Ẹ máa bá a lọ. Mo ti yọ ìdáhùn méjì tó fẹ́ fi ìjọ kan wé òmíràn. Ẹ má dárúkọ ìjọ, ẹ má dárúkọ àlùfáà.

Màrúwá No Shaking | Ọjọ́ Ẹtì, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà ń sọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀, èmi ọ̀rọ̀ náà ń bà mí lẹ́rù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sin olórí ìjọ kan nílùú yìí. Mò ń fọ mọ́tò ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mò ń gbé Bíbélì tẹ̀ lé e, Sátidé mò ń lọ roko ẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà. Kọ́bọ̀, mi ò gbà. "Ẹni bá fẹ́ di ńlá láàárín yín, kó ṣe ìránṣẹ́ yín," ìyẹn ni wọ́n ń kà sí wa létí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá, mo lọ tọrọ àyè. Wọ́n ní ta ni yóò bá àwọn fọ mọ́tò? Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀mí ìgbéraga ti wọ inú mi.

Ìwọ̀fà ni wọ́n fi mí ṣe, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ ẹ̀. Ìwọ̀fà tiẹ̀ sàn, gbèsè tó ń sin nítorí ẹ̀ ní iye.

Ohun tí mo rí nínú Bíbélì nígbà tí mo jókòó kà á fúnra mi rèé: Jésù ló di aṣọ ìnura mọ́ ìdí ara ẹ̀. Kò dì í mọ́ ìdí ẹlòmíì.

Sàámù Mọ́lété | Ọjọ́ Ẹtì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò lérò pé mo ní èsì sí èyí. Màmá ńkọ́ báyìí?

Màrúwá No Shaking | Ọjọ́ Ẹtì, 5:34 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n wà láyé, sà. Ata ni wọ́n ń tà ní Bódìjà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè.

Tóyìn Ìlú Ọba | Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 alẹ́

Mo ń ka gbogbo yín láti àárọ̀, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ là ń fọ̀ níbí, gbogbo ara ni.

Ọjọ́ kìíní, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wọ̀ lọ sunkún. Èmi tí mo kàwé jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí mo ní ọmọ ọ̀dọ̀ méjì ní Bódìjà, èmi ni mo ń yí òyìnbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń pè mí lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Mo rò pé Ọlọ́run ń jẹ mí níyà ni.

Ìyá kan, ọmọ Jàmáíkà, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́. Ó ní kí n fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, torí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ti yi. Ó sì ní tí mo bá ń fọ apá, kí n fi táwẹ́lì bo àyà. Tí mo bá ń fọ àyà, kí n bo ẹsẹ̀. Kí ìhòhò ẹni náà má fi ìgbà kan wà níta gbangba. Bí ẹnì kan bá fẹ́ béèrè bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lè jẹ́ ìsìn, owó tí wọ́n ń san fún mi, fífọ ni wọ́n ń san án fún. Kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo fi táwẹ́lì bo nǹkan kan.

Bàbá òyìnbó yẹn kú nínú oṣù kejì. Kò yí orúkọ tó ń pè mí padà títí tó fi kú o, kẹ́ ẹ má rò pé ìtàn ìgbàlà ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n èmi yí padà díẹ̀.

Olùkọ́ Kúdẹtì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èdè Yorùbá ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ èèyàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí à ń lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìn la ń pè é. Ohun tí Tóyìn ń ṣe ní Leeds, sísin arúgbó, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí àlejò bá sì fẹ́ lọ sílé lálẹ́, tẹ́ ẹ bá a dé ìta kó má baà ṣìnà, ẹ sìn ín náà nìyẹn. Àwọn baba wa ò fún un ní orúkọ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ Màrúwá yẹn rán mi létí ìtàn àdúgbò mi. Ní 1853 ni David Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì níbí. Olóyè Olúnlóyọ̀ fún wọn ní ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Mi ò sọ pé áńgẹ́lì làwọn òyìnbó ìgbà náà, wọ́n ní àṣìṣe tiwọn, wọ́n pe ọ̀pọ̀ nǹkan tiwa ní òkùnkùn tí kì í ṣe òkùnkùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ìjàyè dé ní 1860, ọ̀nà dí, owó àti ẹrù ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Àwọn ọmọ wà nílé tí wọ́n fẹ́ jẹun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé wọn. Obìnrin náà ò le, ibà ń ṣe é lemọ́lemọ́, kò fi àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí Màrúwá gbọ́ nìyí: ìránṣẹ́ inú ilé wọn ni Daniel Olúbí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ níwèé, ó di olùkọ́, ó di àlùfáà. Nígbà tí wọ́n padà sílùú wọn ní 1869, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọ Ìbàdàn bọ́ sí. Ẹni tó sin èèyàn tí wọn ò jẹ́ kó dàgbà, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó sìn.

Màrúwá No Shaking | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:12 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ń gbé èrò ni, màá tún un kà tí mo bá dúró.

Bàbá Akin Àpáta | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:40 ọ̀sán

Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ èyí, ẹ máa fojú fo àṣìtẹ̀.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń fọ̀. Ẹni tí wọ́n ń fọ̀ ńkọ́? Kọ́ńtírátọ̀ bíríkìlà ni mí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi tó ogún nígbà kan. Ọdún kejì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí, apá òsì ò gbọ́. Akin àbígbẹ̀yìn mi ló ń wẹ̀ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé omi wá kí wọ́n jáde. Mo ṣubú nínú balùwẹ̀, ọṣẹ wọ ojú mi, mo wà nílẹ̀ títí Akin fi já ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé mi jókòó lórí àga oníke, ó bù omi sí mi lójú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orin kan tí màmá ẹ̀ máa ń kọ. Títí di òní, tó bá dé ibi tí kò yẹ kí ọmọ rí lára bàbá, ó máa ń kọjú sí ògiri, á máa fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ilẹ̀kùn kì í wà ní ṣíṣí kí àwọn ayálégbé má baà rí mi.

Gbogbo ayé mi ni mo fi ń fún èèyàn ní nǹkan. Mo san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ra sìmẹ́ǹtì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn mọ́ mi, mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ mi torí pé èmi ni mo wà lókè. Pétérù tó ní "Ìwọ kì yóò wẹ ẹsẹ̀ mi láé," wọ́n máa ń wàásù ẹ̀ bí ẹni pé òmùgọ̀ ni. Èmi mọ ohun tó ń ṣe é.

Tóyìn Ìlú Ọba | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ọ̀sán

Bàbá, mo ti dúró nínú kọ́rídọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi kí Akin.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ já ọ̀rọ̀ sí ibòmíì. Gìgísẹ̀ Bàbá Géètì tó là yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ ha á o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò gbóná jù, kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, kó nù ún gbẹ, kó fi fasilíìnì kùn ún, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Tó bá ní òun kì í mọ ìrora níbẹ̀, ẹ mú un lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ajé, 11:15 àárọ̀

Ẹ kú ọdún Àjíǹde! Mo lọ sí géètì lánàá lẹ́yìn ìsìn.

Mo gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú dání, mo sì fi bàsíà kékeré àti táwẹ́lì pamọ́ sínú báàgì, ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ lọ́kàn láti ilé. Bàbá gba àmàlà, ó súre fún àwọn ìbejì. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ ẹsẹ̀." Bàbá wo bàsíà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, ẹ rò pé mi ò ní omi ni? Ẹnu ẹ̀rọ nìyẹn." Ẹnu ẹ̀rọ kànga ṣọ́ọ̀ṣì ò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ.

Mo bi í léèrè kí ló dé tó fi dìde lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun rí i pé àga kan ṣófo. Ó ní mọ́kànlá ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ méjìlá ni Bíbélì wí, àwọn àlejò sì wà nínú ilé. Òun ò fẹ́ kí ojú ti Pásítọ̀. Òun fẹ́ lọ bá wọn dí i ni.

Ẹ̀yin ará, n kò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bínú nítorí ẹ̀, mo ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ni tirẹ̀.

Mo ní kí wá ni a lè ṣe fún yín? Kò rò ó pẹ́. Àga. Àga tó ní ẹ̀yìn. Orí búlọ́ọ̀kù ló ń jókòó láti ọdún kẹfà, orúnkún ẹ̀ kì í sì jẹ́ kó dìde kíá bí mọ́tò bá fọn fèrè. Ọdún kẹfà ni mo ti ń kí i, "Ẹ kú ijókòó, Bàbá." Mi ò rí búlọ́ọ̀kù yẹn rí.

Mo béèrè àga kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn. Wọ́n ní àga gbọ̀ngàn wà fún háyà, kí n kọ lẹ́tà. Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin mọ bí lẹ́tà ṣe ń rìn.

ỌmọBẹẹrẹ | Ọjọ́ Ajé, 11:31 àárọ̀

Káfíńtà mi wà ní Sángo. Ẹ wọn gíga ẹsẹ̀ Bàbá fún mi láti orúnkún sílẹ̀, torí orúnkún tó ń dunni ò fẹ́ àga kúkúrú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún wà lọ́wọ́ mi sí i. Mo sì ti kí ará ilé mi. Ó dáhùn.

Bàbá Akin Àpáta | Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ẹ dá káfíńtà dúró. Àga onípákó kan wà níbí tí mo fi kọ́ dídìde nígbà tí mo dé láti ilé ìwòsàn. Ó ga, ó ní apá méjèèjì, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kì í mì. Mi ò lò ó mọ́, Akin ti ra tuntun. Kẹ́ ẹ wá gbé e. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà o.

Màrúwá No Shaking | Ọjọ́ Ajé, 12:14 ọ̀sán

Màá gbé e láti Àpáta dé Mọ́kọ́lá. Owó epo nìkan ni kẹ́ ẹ san, mo ti fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ 😄

Sàámù Mọ́lété | Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

Owó epo, lọ́dọ̀ mi. Owó iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ mi. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, àbúrò.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ajé, 12:26 ọ̀sán

Ọ̀la ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Èmi àti Màrúwá jọ ń bọ̀. Bàbá Akin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ajá wà nílé?

Bàbá Akin Àpáta | Ọjọ́ Ajé, 12:33 ọ̀sán

Ajá wà. Òun náà ò lè dìde kíá mọ́. Ẹ kàn kan ilẹ̀kùn, Akin á sọ̀ kalẹ̀ wá.